Ológbò Tó Wọ Àmì

"Irùngbọ̀n ni!"

"Irunmú ni, ẹ̀gbọ́n!"

"Mo ní irùngbọ̀n ni! Ìwọ yìí, ṣé o ti fojú kan ológbò rí láyé ẹ?"

"Ológbò méjì ló ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Ohun tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, irunmú ló ń jẹ́. Irùngbọ̀n, àgbọ̀n ló ń hù ú. Ṣé àgbọ̀n ni imú?"

"Aládùúgbò ni wọ́n! Aládùúgbò lè yá ara wọn nírun!"

Bí ilé bá ń jó, àwọn méjì yìí á kọ́kọ́ jókòó jiyàn pé ṣé iná ló bí èéfín ni àbí èéfín ló bí iná. Èyí tí ọrùn ẹ̀ ki bí ìdí igi nínú wọn, Igbákejì Ọ̀gá ni. Èyí tó tín-ín-rín bí igi ìṣáná, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ọ̀tún wú bí ẹni tó fi bọ́ọ̀lù pamọ́ sẹ́nu, Alámì ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ Alámì ni pé kó fàmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ jáde nílé iṣẹ́ yẹn, kó fàmì sábẹ́ èyí tó bá yẹ, kó sì máa fojú pa ẹni tí kò bá fi sí i. Wọ́n ní ọmọge kan kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí i rí. Ó dá a padà, ó ní kó lọ fàmì sí i kóun tó mọ̀ bóyá òun náà fẹ́ ẹ.

Obìnrin kan ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó há báàgì mọ́ abíyá, ó ń wò wọ́n láti òkè délẹ̀.

"Ẹ máa bá a lọ," ó ní. "Mo fẹ́ mọ ẹni tó máa wọlé."

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ jáde ní yàrá ẹ̀ bí ẹni tí eṣinṣin ń lé. "Àǹtí! Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ má dá àwọn yìí lóhùn. Ọ̀rọ̀ ológbò ló ti dà wá lórí rú láti àná."

Ta ni kò mọ Àǹtí Kò-Tíì-Yé-Mi? Ọlọ́pàá ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni kó tó fẹ̀yìn tì, àwọn ọlọ́pàá sì tún máa ń wá a wá nílé tí ọ̀rọ̀ bá ti di kókó. Kì í na èèyàn, kì í pariwo. Á bi ọ́ ní ìbéèrè, wàá dáhùn, á ní, "Kò tíì yé mi." Wàá tún un ṣe, á ní, "Kò tíì yé mi." Olè kan wà tí wọ́n mú wá síwájú ẹ̀ nígbà kan. Nígbà tó gbọ́ ọ gbọ́ ọ, ó bínú dìde, ó ní, "Mà, ẹ gbé bàtà yín wọ̀, ẹ jẹ́ n mú yín lọ síbi tí mo kó ẹrù náà sí, bóyá á lè yé yín!"

Ọ̀gá fún un ní àga. Ó jókòó.

"Ó yá, ẹ sọ ọ́."

Ọ̀gá nu iwájú orí. "Àǹtí, Bàbá Hòtẹ́ẹ̀lì ni. Àwa la kọ gbogbo ètò kọ̀ǹpútà hòtẹ́ẹ̀lì tuntun tó ṣí lánàá. Ojú kọ̀ǹpútà ràgàjì kan wà níbi tí àlejò ń gbà wọlé. Tó bá tàn, ó yẹ kó kí àwọn èèyàn, kó ní inú bàbá, kó dárúkọ wọn, dùn láti gbà wọ́n lálejò. Bàbá pe àna wọn, wọ́n pe àwọn ọ̀rẹ́, gbogbo èèyàn dúró. Wọ́n tan iná ẹ̀."

"Kí ló wá kọ?"

Ọ̀gá wo ilẹ̀. "Ó kọ ọ́ gàdàgbà pé, 'Ẹ káàbọ̀. Inú Ológbò Olè dùn láti gbà yín lálejò.'"

Àǹtí fi ọwọ́ bo ẹnu. Ikọ́ ni àbí ẹ̀rín ni, ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

"Àna wọn obìnrin fa báàgì ẹ̀ mọ́ àyà. Ọ̀rẹ́ wọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àpò wò. Bàbá ní ká mú ẹni tó ṣe é wá kí iṣẹ́ òní tó parí, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ àwọn á fa Kékeré lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, torí ẹ̀rọ tiẹ̀ ló ń fún èèyàn lórúkọ burúkú. Tí wọ́n bá sì mú un, èmi náà ò lè gbà á padà síbí mọ́."

Gbogbo ojú yí sí igun fèrèsé. Ọmọbìnrin kan jókòó síbẹ̀, kò ga ju àga ẹ̀ lọ púpọ̀. Ó ti kó ife ẹ̀, ṣáájà ẹ̀ àti bàtà tó ń wọ̀ nínú ọ́fíìsì sínú páálí. Kò sunkún. Ó kàn ń jẹ ìdérí bírò, ó sì ti fẹ́ jẹ ẹ́ tán.

*

Àǹtí gbé àga ẹ̀ lọ síwájú ọmọ náà.

"Kékeré, ẹ̀rọ wo ni wọ́n ń wí?"

"Kì í ṣe ẹ̀rọ gidi, Àǹtí. Nǹkan tí mo kọ sínú kọ̀ǹpútà ni." Ó ṣí ojú kan tó dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. "Ojú dúdú yìí, kò sí àwòrán níbẹ̀, kò sí ibi tẹ́ ẹ lè tẹ̀. Ọ̀rọ̀ lẹ máa kọ sí i, ọ̀rọ̀ lòun náà máa fi dá yín lóhùn. Ẹ wò ó."

Ó kọ somiloruko, ó tẹ bọ́tìnnì. Ojú dúdú dáhùn wéré:

igbin-onikanju

"Kò tíì yé mi," Àǹtí wí.

"Tá a bá ń kọ iṣẹ́ fún èèyàn, Àǹtí, ọ̀pọ̀ nǹkan la ò tíì mọ orúkọ ẹ̀. Orúkọ oníbàárà, orúkọ yàrá, orúkọ oúnjẹ. Kọ̀ǹpútà ò sì fẹ́ ká fi àyè ẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Tẹ́lẹ̀, lágbájá, làmọ́rín àti tàmẹ̀dò làwọn bọ̀dá yìí máa ń kọ. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, lágbájá ti di mẹ́rìnlá, ẹnikẹ́ni ò mọ lágbájá wo ni oníbàárà, lágbájá wo ni àwo ìrẹsì. Ni mo bá ṣe sọmílórúkọ. Á mú ẹranko kan, á mú ìwà tàbí iṣẹ́ kan, á so wọ́n pọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò lè gbàgbé ẹ̀ mọ́."

"Jẹ́ n tẹ̀ ẹ́."

Àǹtí tẹ̀ ẹ́. pepeye-amofin. Ó tún un tẹ̀. alangba-oniwaasi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ pásítọ̀ kan tó máa ń mi orí bẹ́ẹ̀ gan-an. Ó tún un tẹ̀. ejo-onibata.

"Ejò oníbàtà! Ẹsẹ̀ wo ló fi ń wọ̀ ọ́?" Ẹ̀rín gbé e, àfìgbà tí Ọ̀gá húkọ́ kó tó rántí pé iṣẹ́ lòun wá ṣe. "Kékeré, kí ló dé tí orúkọ wọ̀nyí ò fi ní àmì?"

"Ojú dúdú yìí ò fẹ́ràn àmì, Àǹtí. Nígbà míì tẹ́ ẹ bá fi sí i, á gbé e mì, á wá to àpótí wẹ́wẹ́ sípò ẹ̀. Mo kúkú yọ gbogbo ẹ̀."

Láti òdìkejì yàrá, Alámì figbe ta. "Ó ń bọ́ ọ̀rọ̀ sí ìhòòhò! Ọ̀rọ̀ tó ní ìyá, tó ní bàbá! Mo ti sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́!"

"Ẹ rọra, bọ̀dá," Igbákejì wí, "eyín yín á tún bọ́."

Àǹtí ò yíjú. "Bàbá Hòtẹ́ẹ̀lì ńkọ́? Orúkọ wo ló bọ́ sí wọn lọ́wọ́?"

Kékeré kọ ọ́ sójú dúdú kó lè rí i: ologbo-ole.

"Ológbò olè," Ọ̀gá kà á, ó mí kanlẹ̀.

"Rárá, Ọ̀gá! Ọ̀lẹ! Ọ̀lẹ ni mo kọ! Ológbò ọ̀lẹ, èyí tó máa ń nà gbalaja sójú oòrùn láti àárọ̀ dalẹ́. Mi ò fi èébú kan sínú sọmílórúkọ. Kò sí olè níbẹ̀, kò sí òpònú, kò sí ẹlẹ́nu rírùn. Mo sì ti yọ ọ́ kúrò lánàá láàárọ̀, mo fi orúkọ bàbá gangan sí i níbi gbogbo. Mi ò mọ bó ṣe padà wá. Mi ò mọ ẹni tó fàmì sí i!"

"Ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ wàyí," Àǹtí wí. "Ìwọ sọ pé ọ̀lẹ. Ẹnì kan sọ ọ́ di olè. Ta ló lè wọ inú iṣẹ́ náà láti yí i padà?"

"Gbogbo wa," Ọ̀gá fèsì, ojú tì í. "Ọ̀rọ̀ ìwọlé kan náà ni gbogbo wa ń lò. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, orúkọ ilé iṣẹ́ ló máa kọ sílẹ̀."

"Ìyẹn ni pé ilé kan, kọ́kọ́rọ́ kan, ẹ tún wá so kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹ kú iṣẹ́."

*

Àná ni gbogbo wọn gbà pé ìkà náà ṣẹlẹ̀, láàárín ìgbà tí Kékeré fi orúkọ bàbá sí i àti ìgbà tí wọ́n tan ojú ràgàjì yẹn. Ọ̀gá wà lọ́dọ̀ Bàbá Hòtẹ́ẹ̀lì. Alámì lọ yọ eyín. Kékeré àti Igbákejì nìkan ló wà ní ọ́fíìsì, Kékeré sì jáde lọ ra oúnjẹ ọ̀sán.

Àǹtí gbé àga ẹ̀ síwájú Igbákejì.

"Ṣé ẹ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà ọmọ yìí nígbà tó jáde?"

"Èmi? Àgbàlagbà bíi tèmi? Kí ni mo fẹ́ fi nǹkan ìṣeré ọmọdé ṣe?"

"Kò tíì yé mi."

"Mo ní mi ò fọwọ́ kàn án."

"Ẹ̀ẹ́, kò tíì yé mi. Kékeré, ojú dúdú ẹ yìí, ṣé ó máa ń rántí ọ̀rọ̀ téèyàn ti sọ fún un?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ọfà tó kọjú sókè. Ẹ̀ẹ̀kan tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn á padà wá. Tẹ́ ẹ bá tún un tẹ̀, ti ṣáájú ẹ̀ á wá."

Àǹtí tẹ̀ ẹ́ kọjá àwọn tóun fúnra ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ. somiloruko. somiloruko. somiloruko. Ó tò lọ bí èèrà.

"Èmi kọ́," Kékeré wí. "Mi ò lò ó rárá lánàá."

Òógùn yọ lọ́rùn Igbákejì, ọrùn náà sì fẹ̀, òógùn ọ̀hún rí ibi rìn. Alámì ti ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan. Ọ̀gá dìde. "Igbákejì! Ìwọ ni!"

"Ọ̀gá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀! Mo ń wá orúkọ fún... fún ajá mi."

"Ẹ ò lájá," Alámì wí.

"Mo fẹ́ rà á!"

"Kò tíì yé mi," Àǹtí wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Igbákejì wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó wo Ọ̀gá, ó di ojú. "Orúkọ ìnagijẹ ni mo ń wá. Fún Ọ̀gá. Fìríìjì la ti ń pè yín látọjọ́ yìí, sà, ó ti sú wa."

"Fìríìjì?" Ọ̀gá wí.

"Torí ẹ fẹ̀, ẹ sì máa ń kùn, sà."

"Kí lẹ wá rí?" Àǹtí bi í. Kò yẹ kó bi í, àmọ́ kò lè mú un mọ́ra.

"Erinmi oníkánjú."

Ọ̀gá wo ikùn ara ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kékeré bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ látàná, ìdérí bírò sì fò jáde lẹ́nu ẹ̀.

Àǹtí ò fi Igbákejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti kíìbọ́ọ̀dù síwájú ẹ̀, ó ní kó kọ Ológbò Olè pẹ̀lú àmì, bó ṣe wà lójú ràgàjì yẹn gẹ́lẹ́. Igbákejì fi ìka kan ń wá bọ́tìnnì bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ lórí pẹpẹ. Nígbà tó parí, ohun tó kọ ni Olọ̀gbó Ólẹ́. Alámì pariwo bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀.

"Ó tó," Àǹtí wí. "Ẹni tó bá lè parọ́ àìmọ̀ọ́kọ tó dára tó báyìí, kì í ṣe ibí ló yẹ kó ti máa ṣiṣẹ́. Kì í ṣe òun."

Gbogbo ojú yí, ó bà sára Alámì. Alámì ti múra sílẹ̀. Ó fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú.

"Ẹ wò ó! Ẹ fọwọ́ kàn án! Àárọ̀ àná ni mo ti lọ, ìrọ̀lẹ́ ni mo kúrò níbẹ̀. Ẹ pe dókítà eyín."

Àǹtí pè é lójú gbogbo wọn. Ohùn dókítà jáde nínú fóònù, ó rẹ ohùn náà. "Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà níbí lánàá. Ó lanu sílẹ̀, ó tún ń nàka sí pátákó wa. Ó ní òun ò ní pa ẹnu dé àfi tá a bá tún un kọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó padà wá."

Ọ̀gá jókòó bí àpò tí wọ́n jù sílẹ̀. Oòrùn ti ń fi fèrèsé sílẹ̀. Kékeré fa páálí ẹ̀ mọ́ra.

*

Àǹtí ní kí Kékeré fi gbogbo ibi tí orúkọ Bàbá Hòtẹ́ẹ̀lì wà han òun. Rìsíìtì, orúkọ gangan ló wà níbẹ̀. Ìwé yàrá, orúkọ gangan. Ìkìlọ̀ ẹ̀gbẹ́ odò ìlúwẹ̀ẹ́, orúkọ gangan.

"Ojú kan péré ni ológbò wà?"

"Ojú kan péré, mà."

"Kò tíì yé mi. Ẹni tó bá fẹ́ bú èèyàn, kí ló dé tó máa bú u lójú kan, tó máa wá fi ọgbọ̀n ibòmíì sílẹ̀? Ṣé ó rẹ̀ ẹ́ ni?" Ó gbé ọwọ́ lé àgbọ̀n. "Báwo lo ṣe yọ orúkọ ẹ̀fẹ̀ náà lánàá? Ṣé o ń wá a lọ́kọ̀ọ̀kan ni?"

"Rárá o, ìyà á jẹ mí. Àṣẹ kan ṣoṣo ni mo pa fún ojú dúdú. Mo ní kó wá ologbo-ole níbikíbi tó bá wà, kó fi orúkọ bàbá rọ́pò ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti parí."

"Ó sì wá gbogbo ibi?"

"Gbogbo ibi, mà. Kì í fo ibì kankan."

"Tó bá pàdé Ológbò Olè ńkọ́, èyí tó wọ àmì? Ṣé ó máa mọ̀ pé ẹni tóun ń wá nìyẹn?"

Kékeré la ẹnu láti dáhùn. Ó pa á dé. Ó tún un là.

"Kò ní mọ̀ ọ́n. Lójú tiẹ̀, ẹlòmíì pátápátá nìyẹn. Tí àmì kan péré bá yàtọ̀, á kọjá lára ẹ̀."

"Bí ọlọ́pàá tí wọ́n ní kó mú ọkùnrin tó wà ní ìhòòhò," Àǹtí wí, ojú ẹ̀ ti ń tàn. "Ọkùnrin náà ti wọ kóòtù, ó ti dé fìlà, ó kí ọlọ́pàá, ó kọjá lọ."

"Ìyẹn ni pé..."

"Ìyẹn ni pé ológbò ò padà wá, Kékeré. Kò lọ rí! Nígbà tó o pàṣẹ lánàá láàárọ̀, ó ti wọṣọ sílẹ̀ dè ọ́. A ti ń bi ara wa láti àárọ̀ pé níbo ni kálukú wà lánàá. Àná kọ́! Ó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú àná." Ó dìde, ó gbá tábìlì. "Ó ti yé mi!"

Ọ̀gá fò sókè. Àwọn tó ti bá obìnrin yìí ṣiṣẹ́ fún ọdún gbọọrọ, wọn ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún.

"Ta ni, Àǹtí?"

"Mo mọ̀ ọ́n, àmọ́ mi ò ní ẹ̀rí. Kọ́kọ́rọ́ kan náà lẹ jọ ń lò. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tó wà nílé ayé, inú ẹnu ẹ̀ ló wà. Ẹ pe Bàbá Hòtẹ́ẹ̀lì wá, ká jọ yọ ọ́."

*

Bàbá Hòtẹ́ẹ̀lì ò dúró kí wọ́n fún òun ní àga. Ọkùnrin kúkúrú ni, ìbínú ẹ̀ ló ga. "Ẹni náà dà? Ẹ fi ojú ẹ̀ hàn mí!"

"Ẹ fara balẹ̀, sà," Àǹtí wí. Ó ti kọ ọ́ sára pátákó funfun, gàgàrà: Ológbò Olè. Ó yí sí àwọn òṣìṣẹ́. "Mo ti wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí títí. Mi ò lè sọ orúkọ ẹni tó ṣe é. Ohun kan ni mo lè sọ nípa ẹ̀. Púrúǹtù ni."

Igbákejì fà sẹ́yìn, ó rò pé òun ni wọ́n ń bá wí.

"Ẹni tó mọ èdè ò lè kọ ọ̀rọ̀ yìí báyìí," Àǹtí ń bá a lọ. "Àmì orí olè yìí kò tọ̀nà."

Ní igun yàrá, ẹnì kan húkọ́. "Ó tọ̀nà," Alámì wí, ohùn ẹ̀ kéré.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín. Ẹ ní ẹ ò sí níbẹ̀. Ọmọ iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ló fi síbẹ̀."

"Jẹ́lé-ó-sinmi?"

"Àbí ẹni tó fojú méjéèjì dí kíìbọ́ọ̀dù. Ẹ wò ó, lè yìí! Àmì òkè ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ n bá a tún un ṣe." Àǹtí mú ìnùpátákó, ó gbé e sún mọ́ ọ̀rọ̀ náà díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú yẹn ń gbọ̀n. Alámì di àga mú. Ó bu ètè jẹ. Ìnùpátákó fẹnu kan àmì.

"Ẹ má pa á!" Ó ti dé iwájú pátákó kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó dìde. "Irọ́! Irọ́ gbuu! O, ohùn àárín! Lè, ohùn ìsàlẹ̀! Re, do! Àmì òkè wo? Ta ni púrúǹtù? Mo pè é sókè lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fi síbẹ̀! Mo tún yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó lọ sílé!"

Alámì wo ojú wọn. Ó gbé ọwọ́ bo ẹnu, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti jáde, ó ti jókòó sáàárín wọn bí àlejò.

"Ẹ ṣeun, bọ̀dá," Àǹtí wí. "Ìgbà wo lẹ yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Ọjọ́ tó ṣáájú àná. Nígbà tí mo ń ka ojú ràgàjì fún ìgbà ìkẹyìn. Àwọn tó kù ò tíì dé ọwọ́ mi." Ó na ọrùn. "Mo rí ọ̀rọ̀ kan tó wà ní ìhòòhò níwájú àwọn ọ̀rọ̀ tó wọṣọ. Mo wọṣọ fún un. Kí lẹ̀ṣẹ̀ mi?"

Bàbá Hòtẹ́ẹ̀lì fẹ́ẹ̀ fò. "O kà á pé inú Ológbò Olè dùn láti gba àlejò, kò ṣe ọ́ bákan?"

"Gbólóhùn náà tọ̀nà, sà. Kò sí ohun tó ṣe é."

"O ò bi ara ẹ pé ta ni ológbò?"

"Iṣẹ́ àmì ni wọ́n gbà mí fún. Wọn ò gbà mí fún iṣẹ́ ológbò."

"Láti àárọ̀!" Ọ̀gá ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ohùn mọ́. "Láti àárọ̀ lo ti jókòó síbí, kí ló dé tó ò sọ̀rọ̀?"

"Ẹ ò bi mí, Ọ̀gá. Ẹni tó bú bàbá lẹ̀ ń wá. Èmi ò bú ẹnikẹ́ni. Tẹ́ ẹ bá bi mí pé ta ló fàmì síbẹ̀ dáadáa, mi ò bá ti nàwọ́ sókè."

Kékeré dìde nídìí páálí ẹ̀. Ó rọra wá síwájú, ó kéré níwájú gbogbo wọn, àmọ́ kò gbọ̀n.

"Bọ̀dá Alámì, ẹ ń wò mí nígbà tí mò ń kó ẹrù. Ẹ tiẹ̀ bá mi di páálí mú."

"Tó o bá ti fàmì sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, mi ò bá..."

"Tẹ́ ẹ bá bi mí ni, mi ò bá ti sọ fún yín." Ó gba bírò pátákó lọ́wọ́ Àǹtí. Ó pa olè rẹ́. Ó kọ ọ́ rọra, ó fàmì sórí, ó fàmì sábẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀lẹ. "Ọ̀lẹ ni, bọ̀dá. Ẹ fi aṣọ ẹlòmíì wọ̀ ọ́. Àmì yín ò tọ̀nà."

Èyí gan-an ló wọ Alámì lára. Gbogbo ariwo Bàbá Hòtẹ́ẹ̀lì ò ṣe é ní nǹkan, àmọ́ èyí mú kó fọwọ́ ti tábìlì.

Ohùn kan bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wọn, bí ẹ̀rọ tí kò tètè fẹ́ ṣí. Bàbá Hòtẹ́ẹ̀lì ló ń rẹ́rìn-ín. "Ọ̀lẹ?" ó ní. "Ológbò ọ̀lẹ ni mí látọjọ́ yìí, kó tó di pé mo jalè? Ọmọ mi, ta ló sọ fún ẹ? Ohun tí ìyàwó mi ń pè mí nìyẹn láti ọjọ́ tó ti rí mi lórí àga! Ọ̀lẹ, mo gbà. Olè ni mi ò gbà!" Ó jókòó wàyí, ó nu omi ojú. "Orúkọ wo ló tún wà nínú ẹ̀ yẹn?"

Kékeré kọ ọ́ fún un, ó ní kí wọ́n fúnra wọn tẹ̀ ẹ́. Bàbá fi ìka kan tẹ bọ́tìnnì bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ìjọba.

aguntan-omuwe

"Àgùntàn òmùwẹ̀!" Bàbá lu itan. Ó tún un tẹ̀. okete-olowo. Ó tún un tẹ̀, kò fẹ́ dìde mọ́. "Ẹ gbọ́, Ọ̀gá. Àwọn yàrá mi, nọ́ńbà lásán ló wà lára ilẹ̀kùn wọn, kò wù mí rí. Orúkọ wọ̀nyí ni mo fẹ́. Kálukú pẹ̀lú tiẹ̀. Èmi ni mo máa sùn sí Ológbò Ọ̀lẹ. Ọmọ yìí ni mo sì fẹ́ kó ṣe é, mi ò fẹ́ ẹlòmíì."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni, sà," Ọ̀gá wí, ó ti ń gbé ife Kékeré jáde nínú páálí, ó sì fi ẹ̀wù ara ẹ̀ nù ún. "Kékeré ni olórí iṣẹ́ náà. Igbákejì, ìwọ lo máa ràn án lọ́wọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Fìrí... bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Alámì, máa lọ sílé ná. Nígbà tí mo bá ronú kan ibi tí mo máa fi ọ́ sí, mo máa pè ọ́."

Kékeré ti bọ́ bàtà òde, ó ti wọ bàtà ọ́fíìsì. Àǹtí na ọwọ́ sí i, àwọn méjèèjì pàtẹ́wọ́ pọ̀ lókè gbàù.

Alámì kó bírò ẹ̀, ó tò wọ́n sí àpò àyà, gbogbo ìdérí wọn kọjú síbì kan náà. "Mo ń lọ," ó ní. "Ẹ lọ bi ẹnikẹ́ni tó bá kàwé. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi sílẹ̀ láìsí àmì, ẹni tó bá kọ́kọ́ fàmì sí i ló ni ín. Olè ni mo rí, olè ni mo kọ, olè náà sì pé! Ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi."

Bàbá Hòtẹ́ẹ̀lì ti tún tẹ òmíràn, gbogbo wọn ti ya bò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Ẹnì kan ti fi gègé pupa kọ ìkìlọ̀ kan lẹ̀ mọ́ ara ilẹ̀kùn: E jowo, e ti ilekun. Ó yọ bírò kan. Ó fàmì sórí, ó fàmì sábẹ́, kò fo ọ̀kankan. Ó sún sẹ́yìn, ó kà á sókè, ó mi orí bí ẹni tí adájọ́ dá láre. Ó bá sọ̀kalẹ̀ lọ lórí àtẹ̀gùn, ó ń súfèé, ó sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu.